Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì Camry mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́)
Ẹ̀yin àgbà onímọ́tò, mo kí yín o. Camry tiny light 2000 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.2 onípísítìnnì mẹ́rin, tòkunbọ̀ ni mo rà á, ọdún karùn-ún rèé. Látìgbà yẹn mi ò pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì rí, ẹni tó tà á fún mi náà ò sọ nǹkan kan, máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sì ti lé ní 143,000. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n mú 60,000 náírà wá, owó iṣẹ́ nìkan o, bẹ́líìtì ò sí nínú ẹ̀. Mo ti pààrọ̀ bíréèkì páàdì fúnra mi, mo ti tú alternator, mo tún un dè, féènì bẹ́líìtì ò tiẹ̀ jẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n dán an wò ní Sátidé níwájú ilé, àbí kí n má fọwọ́ ara mi ṣe ara mi? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Jẹ́jẹ́ Layé (Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́)
Ṣé ó ti ń dún ni? Bẹ́líìtì tó bá fẹ́ já máa ń hán kó tó já, tó ò bá tíì gbọ́ nǹkan kan fi í sílẹ̀.

Bọ̀dá Sìpánà (Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́)
Irọ́ nìyẹn o, Jẹ́jẹ́. Féènì bẹ́líìtì ló ń hán torí òun ló ń yọ̀ lórí púlì. Táímìn ní eyín, òun ló so kíráǹkì (irin ìsàlẹ̀ tí písítìnnì ń yí) pọ̀ mọ́ káàmù (irin òkè tó ń ṣí fáàfù, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì), kì í yọ̀, kì í hán, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń já. Tó o bá gbọ́ nǹkan tó ń kùn níbẹ̀, bíárìn tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa bẹ́líìtì le ni tàbí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù.

Àkànní àbúrò mi, mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti 1994, n ò ní tàn ẹ́. Táímìn kì í ṣe bíréèkì páàdì. Tó bá fi eyín mélòó kan ṣìnà, ọjọ́ tó o bá yí kọ́kọ́rọ́ lo máa mọ̀, fáàfù á ti tẹ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kiri. Àwọn tó wo fídíò tán tí wọ́n wá tú u, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ń fà á wá, nínú nylon ni bọ́ọ̀tì wọn máa ń wà. 60,000 yẹn le díẹ̀ ṣá, ná an, á já a wálẹ̀.

Ọmọ Alákàrà, Houston (Ọjọ́bọ̀, 5:48 àárọ̀)
Bọ̀dá Sìpánà, mo júbà o, ẹ̀yin lẹ niṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n tún ọ̀rọ̀ fáàfù yẹn ṣe díẹ̀. 5S-FE ni ẹ́ńjìnnì tó wà nínú tiny light onípísítìnnì mẹ́rin, wọ́n ṣe é débi pé tí bẹ́líìtì bá já, písítìnnì ò ní bá fáàfù pàdé. Ẹ́ńjìnnì á kàn kú ni. Tèmi já lójú ọ̀nà I-10 ní 2016, mo fà á wálé, mo fi bẹ́líìtì tuntun sí i lọ́sẹ̀ kejì, mo sì tún wà á fún ọdún mẹ́ta gbáko kí n tó tà á. Honda àtijọ́ ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bani, ìyẹn tó bá já, fáàfù lọ nìyẹn.

Àkànní, ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe é nínú ọgbà ilé mi, àkọ́kọ́ gbà mí ní ọjọ́ méjì, èkejì gbà mí ní wákàtí márùn-ún. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, ẹni tó bá ní àtúnṣe kó ṣe é.

Yọ orí bátìrì. Yọ táyà iwájú ọ̀tún àti ike tó bo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn táyà. Yọ féènì bẹ́líìtì méjèèjì. Yọ pùlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹ tó o bá ń yí i, má fò ó o, òun ló máa jẹ́ kó o mọ̀ tí nǹkan bá ń há. Fi jáàkì gbé abẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú pákó láàárín, torí abọ́ ọ́ìlì ló wà níbẹ̀, irin jáàkì á gún un wọlé. Gbé e díẹ̀ péré, kó kàn gba ìwúwo, ìgbà yẹn lo máa tó tú ẹ́ńjìnnì síìtì (ohun tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) apá ọ̀tún, torí àárín ẹ̀ ni bẹ́líìtì gbà. Lẹ́yìn náà, yọ kọ́fà òkè tó bo bẹ́líìtì, bọ́ọ̀tì 10 ló pọ̀ níbẹ̀, gígùn wọn ò dọ́gba, to wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe wà lára ẹ́ńjìnnì gan-an.

Wàyí o, kó o tó fọwọ́ kan bẹ́líìtì, fi sìpánà yí kíráǹkì bí aago ṣe ń yí, títí àmì ara púlì ìsàlẹ̀ á fi bọ́ sí 0 lára kọ́fà. Wo òkè, káàmù púlì ní ihò kékeré kan, ihò yẹn gbọ́dọ̀ wo àmì tó wà lára irin tó di káàmù mú. Tí méjèèjì bá ti bára mu, mú típẹ́ẹ̀sì, kùn àmì sára púlì, sára bẹ́líìtì àtijọ́, sára irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ya fọ́tò, ya mẹ́wàá. Tú bọ́ọ̀tì tẹ́ńṣọ́nà, tì í sẹ́yìn, dè é síbẹ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀.

Nígbà tó o bá fẹ́ fi tuntun wọlé, ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o parí ẹ̀ sórí káàmù, ẹ̀gbẹ́ tí tẹ́ńṣọ́nà ò sí ni kó kọ́kọ́ le. Tú tẹ́ńṣọ́nà, sípíríǹgì ẹ̀ ló máa fà á, má fi irin tì í láti fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yí kíráǹkì pẹ̀lú ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, kó padà sí 0, wo ihò òkè. Tí kò bá sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀, tú u, tún un ṣe, ìgbéraga ò sí níbẹ̀. Bó ṣe yẹ kó o fún bọ́ọ̀tì le tó nìyí: tẹ́ńṣọ́nà 31 ft-lb, bọ́ọ̀tì ńlá tó di púlì ìsàlẹ̀ mú 80 ft-lb. Má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kí ọwọ́ ẹ tó yí i lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo nǹkan yòókù lè gba àforíjì, èyí ò gbà á.

Jẹ́jẹ́ Layé (Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀)
Ó dáa, ẹ̀ ń ká mi lẹ́nu, àmọ́ bọ́ọ̀tì ńlá yẹn tí ọ̀gbẹ́ni kàn dárúkọ kọjá, ogun ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò níí tú. Bí bọ̀dá mi ṣe ń ṣe é: fi sókẹ́ẹ̀tì 19 àti ọ̀pá gígùn sí i, jẹ́ kí ọ̀pá náà wo iwájú mọ́tò kí orí ẹ̀ fara ti nǹkan tó le nísàlẹ̀, yọ fíúsì EFI kí mọ́tò má bàa tan, yí kọ́kọ́rọ́ kí kíìkì sítátà yí ẹ́ńjìnnì bí ìgbà téèyàn ń ṣẹ́jú. Gbàù! Ó ti tú.

Baba Halla (Ọjọ́bọ̀, 8:02 àárọ̀)
Ẹ rọra o, kí ẹni tó ń wa Honda àtijọ́ má ka èyí kó lọ ṣe é. Camry ń yí bí aago ṣe ń yí, torí ẹ̀ ni sítátà ṣe ń bá wọn tú bọ́ọ̀tì. Halla mi (Accord 1992) ń yí sẹ́yìn aago, Accord tí wọ́n ń pè ní Baby Boy náà bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀tì wọn sì ń tú sẹ́yìn aago bíi bọ́ọ̀tì tí gbogbo wa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sítátà sí i, ṣe lẹ ń dè é mọ́ ọn. Mo ṣe é. Ọ̀pá mi wọ́ bí ọrun ọdẹ, bọ́ọ̀tì ò mira. Honda ní irin tiẹ̀ tó ń wọ ihò púlì, òun ni kẹ́ ẹ wá.

Bọ̀dá Sìpánà (Ọjọ́bọ̀, 8:40 àárọ̀)
Ọmọ Alákàrà, mo gbà fún ẹ lórí fáàfù 5S. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni mo ní lọ́kàn, èmi ni mo sáré. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kíìkì sítátà yìí, mi ò fara mọ́ ọn fún ẹni tó ń ṣe é fúngbà àkọ́kọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe é ní 2008, ọ̀pá fò jáde, ó gbá a ní kókósẹ̀, oṣù kan ló fi tiro. Ihò méjì wà lójú púlì yẹn. Lọ bá wẹ́dà, kó fún ẹ ní irin pẹlẹbẹ tó gùn tó apá ẹ, kó lu ihò méjì sí i tó bá ti púlì mu, kó gé àárín ẹ̀ kí sókẹ́ẹ̀tì lè gba ibẹ̀. Wàá fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ púlì, irin á fara ti ilẹ̀, ìwọ á fi páìpù sórí ọ̀pá ẹ, wàá tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù, gbogbo wa la mọ ibi tó bà sí.

Tí púlì ò bá sì fẹ́ jáde lẹ́yìn tí bọ́ọ̀tì bá tú, má fi irin há etí ẹ̀ kó o máa wó o. Rọ́bà wà láàárín ẹ̀, etí òde á bọ́ lára inú, wàá ra púlì. Ihò méjì yẹn náà ni púlà (irin tí wọ́n fi ń fa púlì jáde) á mú.

Òmíràn: búlọ́ọ̀kù kọ́ la ń fi gbé mọ́tò o. Mo ń rí i lójú pópó lójoojúmọ́. Búlọ́ọ̀kù kì í kọ́kọ́ sán, ṣe ló ń tú ká lẹ́ẹ̀kan náà. Sítáǹdì tàbí pákó tó nípọn.

Àǹtí Rìnkẹ́, Peckham (Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán)
Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí àwa tá a wà níbí náà ń kà á. Ford Focus 1.6 ni mo ní nígbà yẹn, ẹ́ńjìnnì Zetec-SE. Ọkọ mi ní òun á ṣe é bí òun ṣe ṣe Corolla àtijọ́ ní Ṣàgámù, ó kun típẹ́ẹ̀sì kiri ara púlì. Ohun tí ò mọ̀ ni pé púlì ìsàlẹ̀ ti Ford yẹn ò ní irin kékeré kankan tó há a mọ́ kíráǹkì, fífún bọ́ọ̀tì nìkan ló mú un dúró. Bó ṣe tú bọ́ọ̀tì báyìí, púlì ń yí fúnra ẹ̀ lórí kíráǹkì, àmì típẹ́ẹ̀sì ti di iṣẹ́ ọnà. Irin kan wà tí wọ́n fi ń há káàmù àti kíráǹkì mọ́bi tó yẹ kó tó di pé èèyàn tú nǹkan kan, bọ́ọ̀tì yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é padà. A ya irin ọ̀hún lọ́wọ́ ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ kẹta la tó parí.

Torí náà Camry ni ìmọ̀ràn yìí wà fún, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sórí mọ́tò mìíràn láìkàwé.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Ọjọ́bọ̀, 2:03 ọ̀sán)
Òótọ́ ni àǹtí sọ. Ní Porto-Novo níbí Peugeot ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, HDi, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Àwọn náà, irin ni wọ́n fi ń há a, kì í ṣe típẹ́ẹ̀sì, tí courroie (bẹ́líìtì) bá sì já nínú dísẹ́ẹ̀lì, kò sí àánú.

Mama Dèjì (Ọjọ́bọ̀, 4:11 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, Camry Big Daddy 2004 ni tèmi, mẹkáníìkì ní kí n wá pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì, ó ti ka owó fún mi. Ṣé iye kan náà ni?

Ọmọ Alákàrà, Houston (Ọjọ́bọ̀, 4:40 ìrọ̀lẹ́)
Màmá, ẹ má tíì sanwó. Tó bá jẹ́ onípísítìnnì mẹ́rin, 2.4, ṣéènì ló wà nínú ẹ̀, kò ní bẹ́líìtì rárá. V6 (onípísítìnnì mẹ́fà) 3.0 ló ní bẹ́líìtì. Ẹ ka ohun tó wà lórí ẹ́ńjìnnì yín, tó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ bi í pé kó fi bẹ́líìtì ọ̀hún hàn yín.

Mama Dèjì (Ọjọ́bọ̀, 7:55 alẹ́)
Mẹ́rin ni. Mo pè é, ó ní féènì bẹ́líìtì lòun ń sọ. Hmm.

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ ṣé gan-an. Wẹ́dà ti bá mi ṣe irin náà. Mo lọ sí ọjà pàátì Gate n'Íbàdàn lónìí, mo ra bẹ́líìtì, tẹ́ńṣọ́nà àti ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì kó má jò) mẹ́ta: káàmù, kíráǹkì, ọ́ìlì pọ́ọ̀ǹpù. Wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ń kọ́? Owó ti ń tán, èyí tó wà lára ẹ̀ ò sì jò.

Baba Halla (Ọjọ́ Ẹtì, 6:52 ìrọ̀lẹ́)
Tí kò bá jò, fi í sílẹ̀. Mo ti rí tuntun tó ń jò lọ́jọ́ kẹrin tí àtijọ́ tó bá mọ́tò wá látilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Rà á níjọ́ tó o bá lówó ojúlówó.

Bọ̀dá Sìpánà (Ọjọ́ Ẹtì, 7:10 alẹ́)
Rárá o. Bẹ́líìtì yẹn gan-an ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lóṣù kẹfà, gbogbo iṣẹ́ yìí lo máa tú padà, omi á sì ti bá bẹ́líìtì tuntun jẹ́. Yá owó.

Ọmọ Alákàrà, Houston (Ọjọ́ Ẹtì, 7:31 alẹ́)
Èmi ò pààrọ̀ ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo kábàámọ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì 😂. Àmọ́ Baba Halla ò parọ́, pọ́ọ̀ǹpù ayédèrú burú ju àtijọ́ lọ. Tó bá jẹ́ pọ́ọ̀ǹpù iléeṣẹ́ Aisin gidi lo rí, rà á. Tí kò bá sí, di púlì àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ mú nígbà tí bẹ́líìtì bá ti kúrò, mì í, yí i. Tí ò bá mì, tí ò kùn, tí ihò kékeré abẹ́ ẹ̀ ò ní àbàwọ́n omi gbígbẹ, o lè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó mọ́ díẹ̀.

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Sátidé, 10:47 àárọ̀)
Ẹ gbà mí o! Bọ́ọ̀tì ńlá ti tú (èmi àti àbúrò mi la jọ rọ̀ mọ́ páìpù). Mo gbé àmì ìsàlẹ̀ sí 0 pérépéré kí n tó tú u, mo wo òkè, kò sí ihò kankan lára káàmù púlì níbi tẹ́ ẹ sọ. Àmì ara irin wà, ihò ò sí. Ṣé wọ́n ti fi púlì ẹ̀yà mìíràn sí i ni? Bẹ́líìtì àtijọ́ ṣì wà lórí ẹ̀, mi ò tíì tú nǹkan kan níbẹ̀.

Àǹtí Rìnkẹ́, Peckham (Sátidé, 10:55 àárọ̀)
Àbúrò, ihò náà wà nísàlẹ̀, ó kọ̀yìn sí ẹ ni. Kíráǹkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà 0 ìsàlẹ̀ méjì ló wà fún ihò òkè kan. Dá bọ́ọ̀tì padà díẹ̀, yí kíráǹkì lẹ́ẹ̀kan péré sí i, á yọ.

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Sátidé, 11:09 àárọ̀)
Ó yọ!!! Ọlọ́run á bá yín ṣe é, àǹtí. Mo ti fẹ́ lọ ra púlì.

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Sátidé, 2:26 ọ̀sán)
Ẹ wo ohun tí mo bá níbẹ̀. Bẹ́líìtì àtijọ́ dúdú, ó ń dán, ẹ̀yìn ẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ ti rọ̀ torí ọ́ìlì. Síìlì ọ́ìlì pọ́ọ̀ǹpù ló ń jò, ọ́ìlì pẹ̀lú ekuru ti di amọ̀ nínú kọ́fà. Mo fi ṣíbí ìdáná kó o jáde, ẹ má sọ fún ìyàwó mi. Pọ́ọ̀ǹpù omi mì díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti rán àbúrò mi lọ ra Aisin, mo yáwó.

Bọ̀dá Sìpánà (Sátidé, 2:40 ọ̀sán)
Ẹ̀hẹ́n! Ṣé o rí i? Nu gbogbo ibẹ̀ títí kó gbẹ, kí ọ́ìlì má kan bẹ́líìtì tuntun rárá, fọ ọwọ́ ẹ pàápàá kó o tó dì í mú. Má ṣẹ́ ẹ po bí ìgbà téèyàn ń ká ìgbànú. Irin roboto tó ń wà níwájú púlì kékeré ìsàlẹ̀, ojú tó kó bí àwo ni kó kọjú síta. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sódì, á sì máa jẹ etí bẹ́líìtì.

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Sátidé, 6:18 ìrọ̀lẹ́)
Mo fi wọlé, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, ihò òkè ti fi nǹkan bí eyín kan kọjá àmì. Mo tú u, mo tún un ṣe, ó tún kọjá. Ìgbà kẹta ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ tí tẹ́ńṣọ́nà ò sí ló ń dẹ̀ nígbà tí mo bá ń gbé e gun káàmù. Mo ní kí àbúrò mi fi sìpánà di káàmù mú díẹ̀ kí n fi gbé e wọlé kó le. Ó dúró. Mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, mo tún yí i lẹ́ẹ̀mejì torí ẹ̀rù, kò kúrò lójú kan. Ilẹ̀ ti ṣú, NEPA ti mú iná, ó di ọ̀la.

Jẹ́jẹ́ Layé (Sátidé, 6:25 ìrọ̀lẹ́)
Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, parí ẹ̀!

Baba Halla (Sátidé, 6:29 ìrọ̀lẹ́)
Má dá a lóhùn. Lọ jẹun.

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Sọ́ńdè, 1:35 ọ̀sán)
Ó ti tan. Mo da omi ràdíétọ̀ sí i, mo dá pùlọ́ọ̀gì àti síìtì padà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rù ń bà mí, ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó tan. Ó rọra ń kùn bíi ti ẹni tó sùn. Mo wà á dé Ẹlẹ́yẹlé, mo padà, kò gbóná, kò jò. Owó gbogbo ẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù ńkọ́ o, wẹ́dà ńkọ́ o, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí mẹkáníìkì béèrè, àmọ́ bẹ́líìtì, tẹ́ńṣọ́nà, síìlì mẹ́ta àti pọ́ọ̀ǹpù tuntun wà nínú ẹ̀ báyìí. Mo ti fi típẹ́ẹ̀sì kọ ọjọ́ òní àti 143,212 sára kọ́fà òkè.

Bọ̀dá Sìpánà (Sọ́ńdè, 2:02 ọ̀sán)
O káre. Lẹ́yìn ìrìn bí ọjọ́ mẹ́ta, ṣí ràdíétọ̀ láàárọ̀ nígbà tó bá tutù, wo omi. Wọ́n ń ka 60,000 sí 90,000 máìlì fún bẹ́líìtì yẹn, àmọ́ tìrẹ kì í ṣe máìlì nìkan o, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ẹ́ńjìnnì ń yí tí máìlì ò kúrò lójú kan. Ṣí kọ́fà òkè wò lọ́dún kẹrin.

Ọmọ Alákàrà, Houston (Sọ́ńdè, 2:20 ọ̀sán)
Kọ "máìlì" síwájú 143,212 yẹn. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ ẹ lè rò pé kìlómítà ni.

Àkànní Apẹ̀tẹ̀ (Sọ́ńdè, 2:24 ọ̀sán)
Mo ń lọ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì báyìí.